Ìgbà Wo Ni Kóòtù Ìlú Ọba Lè Wọ́gi Lé Ìgbéyàwó? Fún Ẹ̀yin Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin kò gbà kí tọkọtaya lọ sí kóòtù fún ìkọ̀sílẹ̀ kí ìgbéyàwó wọn tó pé ọdún kan. Ibẹ̀ ni àhesọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ níbi ìkómọjáde, ẹ ó gbọ́ ọ lórí WhatsApp àwọn ọmọ ìlú: "Ṣebí oṣù mẹ́rin péré lẹ fẹ́ra? Ẹ ní kí wọ́n wọ́gi lé e, kíá ni." Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀ o. Ẹni tó fẹ́ kí kóòtù wọ́gi lé ìgbéyàwó kò ní láti dúró ọdún kan. Àmọ́ kì í ṣe torí pé ìgbéyàwó ò tíì pẹ́ ni wọ́n ṣe ń wọ́gi lé e.

Láti 6 April 2022, ẹni tó fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ kò ní láti ro ẹjọ́ ẹnì kejì mọ́; kó ṣáà ti sọ pé ilé ti tú. Wíwọ́gilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni adájọ́ máa padà lọ wò, bóyá nǹkan kan wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò jẹ́ kó dúró. Ìyà tí ọkọ fi jẹ ìyàwó lẹ́yìn náà, tàbí owó tí ìyàwó kó lọ, ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni òfin 1973 tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí pín in sí. Àwọn ìgbéyàwó kan wà tí wọn ò fìgbà kan jẹ́ ìgbéyàwó rárá: ti àwọn tó bára tan jù, ti ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 (láti 27 February 2023; ọdún 16 ni tẹ́lẹ̀), ti àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ fo ètò tí òfin là sílẹ̀, àti ti ẹni tó ti ní ọkọ tàbí aya tẹ́lẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló kàn wá jù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló gbà pé ìgbéyàwó kóòtù nìkan ni òyìnbó mọ̀, pé ìdána tí wọ́n ṣe ní Arówómọlẹ̀ kò ju ká jẹun ká jó lọ. Ẹ má tan ara yín. Òfin ibi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ni kóòtù ibí fi ń yẹ ètò rẹ̀ wò. Bí àṣà wa àti òfin Nàìjíríà bá gbà pé ẹ ti di tọkọtaya, tí ẹ̀yin méjèèjì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ra, tọkọtaya ni yín ní London. Láwọn ọdún 1990 sí 1995, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbí gbà pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kan tí wọ́n ṣe ní Ghana fẹsẹ̀ múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ ò sí níbẹ̀, ìyàwó ò sí níbẹ̀; ìgò ọtí whisky kan àti 100 pọ́n-ùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Torí náà, ẹni tí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga níbi ìdána ní Ìjẹ̀rù, tí àbúrò rẹ̀ bá a dọ̀bálẹ̀ fáwọn àna, kó má wulẹ̀ sọ fún adájọ́ pé òun ò sí ńlé lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó ti ṣe ìdána nílé lè ní àwọn ti pín yà kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ta ló pín wọn yà? Bó bá jẹ́ kóòtù ìbílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló tú ìgbéyàwó náà ká, tí wọ́n fi tó ẹnì kejì létí, tí ìwé ìdájọ́ sì wà, kóòtù ibí máa ń gbà á. Àmọ́ bó bá jẹ́ àwọn àgbà ló jókòó, tí wọ́n dá owó orí padà, tí wọ́n súre fún kálukú, ìyẹn tó nílé, kò tó níbí fún ẹni tó ti ń gbé Ìlú Ọba láti ọdún kan sókè kí ìjókòó náà tó wáyé. Òfin 1986 lórí ìkọ̀sílẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: onítọ̀hún á lọ fẹ́ ẹlòmíì ní rẹ́jísírì ní Manchester pẹ̀lú ọkàn kan, ìgbéyàwó tuntun náà ò sì ní jẹ́ nǹkan kan lójú òfin. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní tiẹ̀ ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ṣeré. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ ìlú wa pé kí wọ́n tó fi orúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ìwé kóòtù ńlé. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó lọ́yà ibí.

Ọ̀nà kejì ni ìgbéyàwó tó dúró, àmọ́ tí ẹnì kan lè ní kí kóòtù wọ́gi lé. Bí ọkọ tàbí ìyàwó kò bá lè bá ẹnì kejì lò pọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, tàbí tó kọ̀ jálẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fipá mú, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ ò pé lọ́jọ́ náà, wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyàwó tó gbé oyún ẹlòmíì wọlé, àti ti ẹni tó ní àrùn ìbálòpọ̀ tó ń ràn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí ẹnì kejì ò bá mọ̀. Lórí ìfipámúni, oyún àti àrùn, ọdún mẹ́ta péré lẹ ní láti pẹjọ́. Ti àìbáralòpọ̀ kò ní gbèdéke.

Nǹkan kan wà nínú ti kíkọ̀ yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin obìnrin gbọ́ dáadáa. Bí ẹ bá jọ ṣàdéhùn pé lẹ́yìn rẹ́jísírì lẹ máa ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sáláṣí kí ẹ tó máa gbé pọ̀, tí ọkọ wá kọ̀ tí kò ṣètò rẹ̀, kóòtù ti dá a rí, nínú ẹjọ́ tọkọtaya Sikh kan, pé ìyẹn náà jẹ́ kíkọ̀ láti bá ìyàwó lò pọ̀.

Irọ́ ńkọ́? Ó ní AA lòun, ó wá jẹ́ AS. Ó ní òun ò bímọ, ọmọ méjì ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dùn mí púpọ̀, torí ti jẹ́nótáìpù yẹn lè da ayé ọmọ rú, àmọ́ kò sí èyí tó lè mú kí adájọ́ ibí wọ́gi lé ìgbéyàwó nínú gbogbo wọn. Àṣìṣe tí òfin mọ̀ ni pé ẹlòmíì pátápátá lẹ fẹ́, tàbí pé ẹ ò mọ̀ pé ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ tó fi sílẹ̀ nílé kò lè ba ìgbéyàwó yín jẹ́. Ìyàwó tó fi sílẹ̀ nílé lè bà á jẹ́.

Ti pépà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú, náà kò yọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èèyàn torí pépà, tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀, tí ẹ fọwọ́ síwèé níwájú rẹ́jísítírà, ìgbéyàwó ni lójú òfin. Ẹni tó bá lọ sọ fún adájọ́ pé torí pépà lòun ṣe é ti fẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́ mọ́ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ìgbéyàwó náà ò sì ní torí ìyẹn tú.

Ẹ̀yin tó ṣe ìdána nínú gbọ̀ngàn ní Peckham, pẹ̀lú alága ìdúró àti alága ìjókòó, tí ẹ ò sì dé rẹ́jísírì rí, tiyín tún yàtọ̀. Ní 2020, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ níkáà kan pé irú ètò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìgbéyàwó tí kò dúró. Kì í ṣe ìgbéyàwó rárá. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wọ́gi lé. Ibi tó ti ń dunni ni pé ìyàwó ò lè gba ẹnu ọ̀nà yìí béèrè ìpín nínú ilé tàbí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ. Nínú ìgbéyàwó tí kóòtù wọ́gi lé, ó lè béèrè, bíi ti ìkọ̀sílẹ̀ gan-an.

Bí ọ̀nà yín bá ti ṣe kedere, ó kéré tán, ọ̀kan nínú yín ti gbọ́dọ̀ máa gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Wales fún ọdún kan, tàbí kó jẹ́ ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ pátápátá láti oṣù mẹ́fà. Fọ́ọ̀mù D8N lẹ máa kọ, ẹ ó fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó sí i. Owó rẹ̀ ti lé ní 600 pọ́n-ùn. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó lè fi fọ́ọ̀mù EX160 bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kejì ní ọjọ́ 14 láti fèsì. Lẹ́yìn náà, D84 fún àṣẹ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìwé ìjẹ́rìí: D80F bí kò bá fìgbà kan jẹ́ ìgbéyàwó, D80G bó bá jẹ́ ọ̀nà kejì. Ẹ ó dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ó wá fi D36 béèrè fún àṣẹ ìkẹyìn. Ẹ má fẹ́ ẹlòmíì kí ìyẹn tó dé.

Ẹ̀rí ni iṣẹ́ gidi, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá kan ìdána tó wáyé nílé. Fídíò ibi tí ìyàwó ti ń dé fìlà fún ọkọ lórí wúlò ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹ gba ìwé ìbúra lọ́wọ́ àwọn tó jókòó níbẹ̀, ẹ túmọ̀ èyí tó bá wà ní Yorùbá, ẹ sì wá lọ́yà Nàìjíríà tó lè ṣàlàyé àṣà wa nínú ìwé, torí adájọ́ ibí kò mọ̀ ọ́n.

Fún ẹni tó wà lórí físà ọkọ tàbí aya, ẹ lọ bá lọ́yà ìwọ̀lú kí ẹ tó fi D8N ránṣẹ́. Home Office gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ìgbéyàwó ti parí, wọ́n sì lè gé físà náà kúrú sí ọjọ́ 60. Bó bá jẹ́ pé ìlùkulù ló lé yín jáde nílé, ọ̀nà mìíràn wà láti béèrè àṣẹ ìdúró fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà mọ ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tó wà ní Scotland, òfin tiyín yàtọ̀, fọ́ọ̀mù wọ̀nyí kì í ṣe tiyín.