Bí a ṣe ń dín iná tí sáfà ń jẹ kù láì sọ ọ́ di ọ̀lẹ

Ọ̀pọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, ló jẹ́ pé ìdúró ni wọ́n ń dúró fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Iṣẹ́ á dé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tán, wọ́n á tún máa retí òmíràn. Síbẹ̀ iná ń lọ, ooru ń jáde, fáànù ń yí. Bí prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, bá ń sáré nígbà tí kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ń sanwó eré náà.

Fóltéèjì ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí èèyàn ń jókòó tì. Kò ṣòro láti gbà pé prósẹ́sọ̀ tó ń yára sí i á máa jẹ iná sí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè dé ìyára tó ga, ó ní láti gba fóltéèjì tó ga, bí fóltéèjì bá sì di ìlọ́po méjì, iná tó ń jẹ á di ìlọ́po mẹ́rin kó tó kan ti ìyára gan-an. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba ìyára tó wà lókè pátápátá fi máa ń wọ́n jù.

Ta ló wà nídìí ọkọ̀?

Ẹ ṣí tẹ́míná (ojú ìwé tí a ti ń tẹ àṣẹ) lórí Linux, kí ẹ tẹ:

`cd /sys/devices/system/cpu/cpu0/cpufreq`
`cat scaling_driver scaling_governor scaling_available_governors`

Ìlà kìíní ni driver, ètò kékeré tó ń bá prósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ó sábà rí intel_pstate, amd-pstate-epp tàbí acpi-cpufreq. Ìlà kejì ni governor, ìyẹn òfin tí kernel (ọkàn Linux gan-an) ń tẹ̀ lé láti mọ ìgbà tó yẹ kí prósẹ́sọ̀ sáré àti ìgbà tó yẹ kó rọra. Ìlà kẹta ni àwọn governor tí ẹ lè yàn. Bí ẹ bá wo àwọn fáìlì yòókù níbẹ̀, kHz ni wọ́n fi ń ka ìyára: 2400000 jẹ́ 2.4 GHz.

Bí fódà yẹn kò bá sí rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú VM lẹ wà, ìyẹn ẹ̀rọ àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ̀rọ tó gbé VM náà dání ló ń darí prósẹ́sọ̀, ẹ kò sì lè ṣe é láti inú. Ó sì lè jẹ́ pé BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ jí nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ló gba àṣẹ náà mọ́ra. Ẹ tún ẹ̀rọ náà tàn, ẹ wọ inú BIOS, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣètò agbára iná, kí ẹ yan èyí tó fa àṣẹ lé Linux lọ́wọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ó rí OS nínú orúkọ rẹ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe jù nìyí. Wọ́n á yí nǹkan, wọ́n á ní ó ti dára sí i, wọn kò sì mọ iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi turbostat, ètò tó ń wọn ìyára àti iná prósẹ́sọ̀, sórí ẹ̀rọ náà. Ó wà nínú linux-cpupower lórí Debian, nínú kernel-tools lórí Fedora. Lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bíi root (ẹni tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ):

`turbostat --quiet --show Busy%,Bzy_MHz,PkgWatt --interval 10`

Busy% ń sọ ìdá àkókò tí prósẹ́sọ̀ fi ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Bzy_MHz ni ìyára rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. PkgWatt ni iye wáàtì tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ. Fáànù, dísìkì àti àwọn nǹkan mìíràn nínú ẹ̀rọ kò sí nínú PkgWatt, nítorí náà bí ẹ bá lè rí mítà tí wọ́n ń kì bọ ojú iná kí wọ́n tó ki ẹ̀rọ bọ òun, ẹ lò ó pẹ̀lú. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ àti nígbà tí kò sí iṣẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ yan governor, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún orúkọ powersave

Governor tó ń jẹ́ performance máa ń fẹ́ ìyára tó ga jù ní gbogbo ìgbà. Ondemand àti schedutil ń wo bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó kí wọ́n tó pinnu. Schedutil wọ inú Linux 4.7 ní 2016, òun sì ni mo máa ń yàn lórí acpi-cpufreq, nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka kernel tó ń pín iṣẹ́ gan-an ló ti ń gbọ́ ìròyìn.

Powersave ló ń tan èèyàn jẹ. Lórí acpi-cpufreq, ó ń de prósẹ́sọ̀ mọ́ ìyára tó kéré jù, bí iṣẹ́ tilẹ̀ kún ọrùn. Lórí intel_pstate, bó ṣe sábà máa ń wà, ìyára ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, bí iṣẹ́ bá ṣe rí. Orúkọ kan náà ni, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti jìyà rẹ̀ rí: mo yan powersave lórí sáfà kan tó ń lo acpi-cpufreq, bákọ́ọ̀pù òru (ẹ̀dà fáìlì tí a ń ṣe pa mọ́) tó máa ń parí kí ilẹ̀ tó mọ́ sì bá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Iná tí mo rò pé mò ń fi pa mọ́ kò tilẹ̀ tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Bí ẹ̀rọ kan bá jẹ wáàtì 60 fún ìṣẹ́jú 10 tó fi parí iṣẹ́, tó wá sinmi lórí wáàtì 15 fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn, joule 45,000 ló jẹ (joule kan ni wáàtì kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan). Bí ẹ bá dè é mọ́lẹ̀ kó máa jẹ wáàtì 45, tí iṣẹ́ náà wá gba odindi ìṣẹ́jú 20, joule 54,000 ni. Ẹ̀rọ tó tètè parí iṣẹ́ rẹ̀ tó sì lọ sùn lè jẹ iná tó kéré ju èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́, ìdí tí mo fi ní kí ẹ wọ̀n ọ́n nìyẹn.

Àṣẹ tí a fi ń yí governor fún gbogbo core, ìyẹn àwọn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀, ni:

`cpupower frequency-set -g schedutil`

Lórí intel_pstate àti amd-pstate-epp, performance àti powersave nìkan lẹ ó sábà rí. Ẹ yan powersave níbẹ̀ láìbẹ̀rù, kí ẹ wá sọ fún prósẹ́sọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ kó ṣe dídọ́gba láàárín ìyára àti iná:

`echo balance_power | tee /sys/devices/system/cpu/cpu*/cpufreq/energy_performance_preference`

Balance_performance fẹ́ràn ìyára díẹ̀ sí i. Power fẹ́ràn ìsinmi jù. Bí Linux bá dá yín lóhùn pé "Device or resource busy", governor yín ṣì wà lórí performance. Ẹ kọ́kọ́ yí ìyẹn ná.

Ẹ jẹ́ kó sùn wọra

Ìyára nìkan kọ́. Core tí kò níṣẹ́ lè tòògbé, èyí tí wọ́n ń pè ní C1, ó sì lè sùn wọra, bíi C6, níbi tí iná tó ń jẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oorun tó wọra gba àkókò díẹ̀ síi láti jí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dí i lọ́nà fún iṣẹ́ tí kò lè dúró rárá. Lórí sáfà lásán, kò sí ìdí fún un. Ẹ tẹ `cpupower idle-info` láti rí irú oorun tí ẹ̀rọ yín mọ̀, kí ẹ sì wo `/proc/cmdline`. Bí ẹ bá rí `intel_idle.max_cstate=1` tàbí `processor.max_cstate=1` níbẹ̀, ẹnì kan ti sọ pé kí ẹ̀rọ náà má sùn. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́.

Bí ẹ bá ń lo FreeBSD dípò Linux

Powerd ni ètò tó ń yí ìyára prósẹ́sọ̀ níbẹ̀. Ẹ tàn án báyìí:

`sysrc powerd_enable=YES`
`service powerd start`

`sysctl dev.cpu.0.freq_levels` á fi àwọn ìyára tó wà hàn yín, MHz ṣáájú, milliwatt tẹ̀ lé e. Láti FreeBSD 13, ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel tuntun ń darí ìyára ara wọn, `dev.hwpstate_intel.0.epp` lẹ ó yí níbẹ̀, 0 fún ìyára, 100 fún ìfowópamọ́.

Kí ó má bàa pòórá

Gbogbo ohun tí ẹ tẹ sínú `/sys` á parẹ́ bí ẹ̀rọ bá kú tó tún tàn. Ẹ fi àṣẹ náà sínú service systemd kékeré kan (fáìlì tó ń jẹ́ kí Linux ṣe àṣẹ náà fúnra rẹ̀ nígbà tó bá tàn), tàbí kí ẹ lo tuned, ètò tó ń ṣe irú ìṣètò yìí fún yín: `tuned-adm profile balanced`. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀, torí wọn á máa yí ohun tí èkejì ṣe padà.

Ẹ tún ẹ̀rọ náà tàn, ẹ wo scaling_governor bóyá ó ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, kí ẹ sì tún ṣí turbostat ní àwọn wákàtí kan náà tí ẹ wọ̀n ọ́n níjọ́sí. Bí PkgWatt bá lọ sílẹ̀ tí bákọ́ọ̀pù òru sì parí ní àkókò rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.