Gbogbo Ẹ̀ Kọ́ Ló Ń Jẹ́ "Abẹ́": Àwọn Àṣìṣe Tá À Ń Ṣe Láì Mọ̀

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má bínú sí mi o, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí obìnrin kan ò ní wá bá mi pé "abẹ́ ń dùn mí", tí mo bá bi í pé ibo gan-an lábẹ́, á ní "abẹ́ náà ni, màmá". Ibi tí ìtọ̀ ń gbà, abẹ́ ni. Ojú ara, abẹ́ ni. Ihò ìdí, abẹ́ náà ni. Tí dókítà bá wá sọ "périnée" fún un, orúkọ tí Faransé ń pe gbogbo àgbègbè tó wà láàárín itan méjèèjì yẹn, á kàn máa mi orí ni. Àṣìṣe àkọ́kọ́ rèé, òun ló sì bí gbogbo àwọn tó kù.

Gèlè ni mo fi máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn aboyún. Èèyàn mẹ́rin á di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Ẹni iwájú, eegun tó wà níbi irun abẹ́ nìyẹn. Ẹni ẹ̀yìn, ṣóńṣó eegun ìdí. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, eegun tá a fi ń jókòó ni, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì igi fún wákàtí kan ẹ ó mọ ibi tí wọ́n wà. Màá wá fi ìka fa ìlà láti eegun ìjókòó kan dé èkejì, gèlè á pín sí méjì: apá iwájú ló ni ojú ìtọ̀ àti ojú ara, apá ẹ̀yìn ló ni ihò ìdí. Láàárín gbùngbùn ni màá ta kókó kan sí. Ẹran tó ti iwájú wá, èyí tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, èyí tó yí ihò ìdí ká bí òrùka, gbogbo wọn ló so pọ̀ mọ́ kókó yẹn. Tí ẹ bá tú u, gèlè á dẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń ya tí orí ọmọ bá ń jáde. Ọkùnrin náà ní in o, láti ẹ̀yìn àpò ẹpọ̀n dé ihò ìdí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ omi gbígbóná. Ọmọbìnrin kan bí àkọ́bí ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ya díẹ̀, wọ́n rán an, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ Ẹtì ìyá ọkọ ẹ̀ mú un wá. Kò lè jókòó, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló dúró sí, ó ya ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó di férémù mú. Nígbà tí mo wò ó, awọ ibẹ̀ ti bó, ó pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ, okùn tí wọ́n fi rán an sì ti já níbi méjì. Màmá ní omi tó ń hó lòun gbé sínú póò, òun fi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù sí i, òun ní kó jókòó lé e, àràárọ̀ àti alaalẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe fún òun náà nìyẹn. Mi ò bá màmá jà, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Mo kàn ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ bá fi ọ̀bẹ gé ìka, ṣé ẹ máa ki ìka náà bọ omi tó ń hó?" Wọ́n dákẹ́.

Ẹran tuntun ló ń hù níbẹ̀, omi tó ń hó á bó o, álọ́ọ̀mù àti oògùn apakòkòrò tí a ò fi omi là, á pa á. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó, ẹ dà á sórí ọrùn ọwọ́ yín wò ná, tí kò bá ta yín ó dáa. Ẹ dà á sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tọ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn, kì í ṣe láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú torí ìdọ̀tí ìgbẹ́ lẹ ń wọ́ bọ̀ yẹn (ẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké náà bẹ́ẹ̀). Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún gìrìgìrì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yìnyín tẹ́ ẹ fi aṣọ wé fún bí ìṣẹ́jú 10 á jẹ́ kí wíwú ẹ̀ dín kù. Kẹ́ ẹ sì máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ, kẹ́ ẹ mu omi dáadáa, kí ìgbẹ́ má le, torí ìgbẹ́ líle ló ń fa ojú rírán ya.

Ipele mẹ́rin ni yíya ní. Ìkíní, awọ lásán. Ìkejì, ó dé inú ẹran. Ìkẹta, ó dé òrùka ihò ìdí. Ìkẹrin, ó ya wọ inú ibi tí ìgbẹ́ ń gbà. Ìkẹta àti ìkẹrin, dókítà ló gbọ́dọ̀ rán an, níbi tí iná mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ìsó tàbí ìgbẹ́ bá ń bọ́ lára ẹ̀ láìmọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má fi pamọ́ fọ́kọ, ẹ má fi pamọ́ fún agbẹ̀bí, ó ṣeé tún ṣe. Mo ti rí ẹni tó fi í pamọ́ ọdún mẹ́fà, kò lọ ilé ayẹyẹ kankan mọ́.

Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo ẹni tó bá ń bí àkọ́bí ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sìsọ́ọ̀sì gé ibi tó máa ń ya yẹn fún. Ní 2018 OMS, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé kí wọ́n má sọ ọ́ dàṣà. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n gbé síbẹ̀ nígbà tí orí ọmọ ń bọ̀ ń ṣèrànwọ́. Ẹ má sì máa ti ọmọ jáde kí ẹnu ilé ọmọ tó ṣí tán, sẹ̀ǹtímítà 10. Ìdábẹ́ ọmọbìnrin ńkọ́? Òfin 2003-03 ti kà á léèwọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà 2003, àpá tó ń fi sílẹ̀ kì í nà, tọ́jọ́ ìbímọ bá dé ó máa ń ya ni.

Ti jẹ̀díjẹ̀dí wá ńkọ́. Ìdí bá dun èèyàn, jẹ̀dí ni, ó di ọjà Ouando, ó di ìgò àgbo. Eéwo tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí kì í ṣe jẹ̀dí o. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí bíléèdì là á, ó lè di ihò tó ń ti inú ìfun ṣọyún jáde sí awọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ibẹ̀ bá wú, tó ń dúdú, tó ń rùn, òru yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ má dúró dàárọ̀. Fournier, dókítà ará Faransé, ti kọ nípa irú àrùn yẹn láti 1883, ó ṣì ń pa èèyàn.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń wa zémidjan, ọ̀kadà wa, tẹ́ ẹ bá ṣubú tí abẹ́ yín gbá táǹkì tàbí irin, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí okó, tàbí tí ìtọ̀ ò wá, ẹ má fipá tọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá ki rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ sí i. Ọ̀nà ìtọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó lè ti já.

Ọmọbìnrin tọ́jọ́sí padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó jókòó. Mo ní báwo ni abẹ́. Ó ní, "Màmá, ojú ara ò ṣe nǹkan kan mọ́, ihò ìdí náà dáa, kókó yẹn ni, lápá ọ̀tún, ó ń yún mi díẹ̀."