Ọwọ́ Òsì Ni Mò Ń Bá Wí, Ọwọ́ Ọ̀tún Ló Jẹ̀bi

Sẹ́lò ni mò ń ta. Ẹni tí kò bá rí i rí, kó ro fáólíìnì kan tó ti jẹun kánú, tó dàgbà títí tó fi ga tó ọmọ ọdún méje. A kì í gbé e sí èjìká. Àárín orúnkún méjèèjì là ń fi í sí, irin ṣóńṣó kan wà nídìí rẹ̀ tó fi ń dúró nílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn là ń gbé. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́ ọ. Bùrọ̀dá tó ń ta á tẹ́lẹ̀ ló lọ sí Kánádà, sẹ́lò wá dúró sí kọ̀rọ̀, eruku ń bò ó. Olórí kọ́yà ní kí gbogbo àwa ọmọ kéékèèké na apá síta, wọ́n wò ó, tèmi ló gùn jù. Bí mo ṣe di onísẹ́lò nìyẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mi ò lá àlá kankan, mi ò sì gbọ́ ìpè láti ibì kankan.

Lọ́dún tó kọjá, tíṣà mi sọ fún mi nípa káǹpù orin kan tó máa ń wáyé ní Èkó nígbà họ́lidé gígùn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nínú oṣù kẹjọ. Kí wọ́n tó gba èèyàn, ó gbọ́dọ̀ ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń dá orin kan ta, kó fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Orin tí tíṣà mú fún mi ni Prelude, ìyẹn orin tó ṣíwájú, nínú Suite (àkójọ orin kéékèèké) kìíní tí Johann Sebastian Bach kọ fún sẹ́lò nìkan, láìsí dùùrù, láìsí ẹnikẹ́ni tó máa gbè é. Mẹ́fà ni àwọn Suite náà, wọ́n sì ti tó nǹkan bí 300 ọdún. Pablo Casals, ọmọ Sípéènì tó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó rí ìwé wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Barcelona lọ́dún 1890. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi ń dá wọn kọ́ nínú ilé kó tó jáde ta wọ́n fáráyé. Èmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Sọ́fà, ìyẹn dò re mí, ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún, bí gbogbo ọmọ kọ́yà nílẹ̀ wa. Dò re mí yìí kan náà ni wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn nílé ìwé, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè gbàgbé rẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lú pẹ́ńsù, mo sì kọ ìbẹ̀rẹ̀ Prelude náà sí sọ́fà: d s m r, m s m s. Ẹ fi ẹnu kọ ọ́ wò, s tó wà níbẹ̀ rẹlẹ̀ ju m lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún lè kọ ọ́. Lórí sẹ́lò pàápàá, ìka kan ṣoṣo ló ń tẹ okùn nínú ohùn mẹ́jọ yẹn. Àwọn yòókù, okùn lásán ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?

Báà méjìlélógójì, ìyẹn ìpín kéékèèké tí ìlà ń pín orin sí, ni orin náà, bí a bá sì yọ ti báà kejìlélógún tí wọ́n fi àmì ìdúró sí, kò síbi téèyàn ti lè mí kó tó dé ìparí.

Bí mo ṣe ń ṣe ìdánrawò nìyí. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń jí. Rọ́bà dúdú kan wà tí a máa ń fi há orí afárá, ìyẹn igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ró; ó máa ń sọ ohùn sẹ́lò di ohùn ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Màmá Ìbejì, tí ògiri kan ṣoṣo pín àwa àti wọn níyà, ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń rí oorun sùn lásìkò yẹn ni, n kò sì fẹ́ ìjà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún sọ́fà lílọ sókè sódò, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún Bach, mo ti ń wá bàtà iléèwé.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le. Bí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo àdúgbò á tan jẹnẹrétọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo rò pé ẹ̀yin olórin á fẹ́ràn. Iná ilẹ̀ wa máa ń lù ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́nà mẹ́wàá, ìyẹn 50, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí àwa olórin ń pè ní G, èyí tó rẹlẹ̀ jinlẹ̀, máa ń lù ní 49. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour”, G ló ń kọ, àmọ́ ó fi díẹ̀ ga jù. Prelude mi náà, inú G ló wà. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń fà mí sókè, bí ẹni tó dúró tì ọ́ nínú kọ́yà tí kò mọ̀ pé òun ń yapa. Ìgbà tí wọ́n bá tan ohun míì kún un, á wálẹ̀ díẹ̀, a ó sì jọ bára mu fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bàbá mi àgbà ní ọpọ́n ayò kan tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ta mọ́. Mo tọrọ ọmọ ayò mẹ́rin lọ́wọ́ wọn, iye tó máa ń wà nínú ihò kan nígbà tí ayò bá bẹ̀rẹ̀. Mo tò wọ́n sí apá òsì àga mi. Tí mo bá ta báà mẹ́rin láìṣì, ọmọ ayò kan á kọjá sí apá ọ̀tún. Tí mo bá ṣi ẹyọ kan, gbogbo wọn padà sílé. Kò ní ọ̀rọ̀ “ó ku díẹ̀”. Ó níbì kan nítòsí ìparí tí orin náà ti ń gun òkè ní ìdajì ohùn, ìdajì ohùn, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn lókùnkùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ ayò mi fi ń dé mẹ́ta tí wọ́n ń padà sílé. Bàbá àgbà bi mí pé, “Ta ni ẹ jọ ń ta á tó ń nà ọ́ báyìí?”

Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Nígbà tí mo ń tún un kà láti kọ èyí, ojú tì mí. “Ìka kẹrin rẹlẹ̀.” “Ìka kejì ga jù.” “Àtàǹpàkò òsì ń fún ọrùn sẹ́lò.” Ojú ewé mọ́kànlélógún, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ni gbogbo ẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ọwọ́ ọ̀tún ti wọlé ni ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo kọ ọ́ pé: “Èjìká ọ̀tún ń ro mí. Màmá fi Robb pa á.”

Mẹ́trónóòmù inú fóònù mi, èyí tó ń ka iye ìlù inú ìṣẹ́jú kan, bẹ̀rẹ̀ ní 50. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a ti dé 72. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ Sátidé la lọ ya fídíò ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ohùn máa ń dún dáadáa níbẹ̀. Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo ta á. Ẹ̀ẹ̀kan, àwọn tó ń gbá ilẹ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tó kù, èmi fúnra mi ni. Ìkọkànlá la fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Rélùwéè la wọ̀ láti Mọníyà, torí ọkọ̀ ojú irin láàyè tó, 157 kìlómítà, mo na ẹsẹ̀, sẹ́lò náà na tirẹ̀. Ìjà wà nínú dánfó tá a wọ̀ láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ wo àpò dúdú náà lókè nílẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe òkú lẹ gbé?” Màmá mi ní orin ni. Ó ní orin tó ga tó báyìí, owó èèyàn méjì ni. A san án.

Agogo aago mẹ́fà ló ń jí wa ní káǹpù. Ògì àti àkàrà, lẹ́yìn náà kí oníkálukú lọ sọ́dọ̀ àwọn onírú ohun èlò tirẹ̀ títí di ọ̀sán, ọ̀sán fún gbogbo ẹgbẹ́ olóhun èlò pọ̀, alẹ́ fún àwọn ẹlẹ́ni mẹ́rin mẹ́rin. Òjò kò dá. Igi sẹ́lò máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Lásìkò ọyẹ́, èèkàn tí a fi ń yí okùn máa ń yọ̀ lọ fúnra rẹ̀, lásìkò òjò, ó máa ń wú, ó máa há pinpin. Àwa méje tá a ń ta sẹ́lò, ìdajì wákàtí àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, èèkàn la bá jìjàkadì.

Àǹtí tó ń kọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ta orin tó fi wọlé. Mo ta tèmi ní 76, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń ta á ní 72. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, “O ṣeun. Wá gbé ọwọ́ òsì ẹ sórí itan.”

Mo ní, “Mà?”

“Gbé e sórí itan. Èmi ni màá máa bá ọ tẹ okùn. Ìwọ ṣáà máa fa bóò.”

Wọ́n jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n na ọwọ́ tiwọn wá sórí ọrùn sẹ́lò. Mo bẹ̀rẹ̀. Báà méjì ò tíì pé tó fi dàrú. Bóò mi, ìyẹn ọ̀pá tí a ń fà lórí okùn, kan okùn méjì pọ̀, ó fo èyí tó yẹ, ó gbá igi. Ṣé ìka tiwọn ni ò ṣe dáadáa ni? Rárá o, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Ọwọ́ òsì ẹ mọ orin yìí dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ ni ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún.”

Wọ́n wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Orí afárá tẹ̀ bí òṣùmàrè, nítorí náà okùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí apá gbọ́dọ̀ ga sí. Nínú ohùn mẹ́jọ tí mo fi rẹ́rìn-ín yẹn, bóò ń pa okùn dà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́ ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà. Èmi, èjìká ni mò ń gbé sókè sódò ní gbogbo ìgbà, bí ẹni tó ń fi ilẹ̀kùn odidi lé eṣinṣin. Ohun tí Robb ń pa láti ọ̀sẹ̀ kẹrin nìyẹn.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa ta Prelude náà láìtẹ okùn rárá, lórí àwọn okùn tó ń jẹ́ G, D àti A: G D A A, A D A D. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì nínú àpò ṣòkòtò. Ọmọkùnrin onífáólíìnì kan kọjá lọ, ó kọjá bọ̀, ó ní, “Ọ̀rẹ́, látàárọ̀ lo ti ń yí sẹ́lò yìí, ṣé kò fẹ́ bára mu ni?”

Ní ọ̀sán, Akinla la ń kọ́, apá tó gbẹ̀yìn nínú African Suite tí Fẹlá Ṣówándé kọ fún ohun èlò olókùn lọ́dún 1944. Ọdún 1905 ni wọ́n bí Ṣówándé. Ọjọ́ kìíní, a ń tà á bí ẹni tó ń ka lẹ́tà onílé. Olùdarí ní ká gbé ohun èlò sílẹ̀, ká dìde, ká fi ẹnu kọ ọ́, ká pàtẹ́wọ́ sí i. Ká tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo èjìká ti ń mì. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé tí mo bá ń jó díẹ̀ lórí àga, ìgbọ̀nwọ́ mi máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn mú un lọ sínú Bach.

Ó ku ọjọ́ kan ká ṣe àṣekágbá, okùn A mi já, pàù, lójú oorun. Okùn sẹ́lò kì í ṣe ohun tí à ń rà lẹ́bàá títì. Ọmọbìnrin kan láti Abẹ́òkúta tú àpò rẹ̀, ó yọ ògbólógbòó kan tó tọ́jú. Okùn tuntun lórí sẹ́lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbó, kì í dúró lójú kan. Mo ń yí i títí di ìgbà tí wọ́n pe orúkọ mi.

Mo ta á ní 63. Ohùn A wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìdúró báà kejìlélógún, mo gbọ́ ọ, Àǹtí náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èjìká mi ò gbéra, mo sì gun àtẹ̀gùn ìparí yẹn dé òkè láìwo ilẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti délé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ láràárọ̀, ọwọ́ òsì mi máa ń wà nínú àpò. G D A A, A D A D. Ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá Ìbejì dá mi dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n wò mí tàánú-tàánú, wọ́n ní, “Ọmọ mi, orin dáadáa tó o máa ń ta kó o tó lọ sí Èkó yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ níbẹ̀ ni?”