Wákàtí Mẹ́rin Nínú Koríko Ọ̀sà

₦15,000 ni mo san kí wọ́n tó fà mí dé èbúté Ìlàjẹ ní Bàrígà, lẹ́yìn tí mo ti ná ₦280,000 lórí kayak tòkunbọ̀, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí omi tí ọkọ̀ náà kò lè là. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ká mi lára. Ká ní ó sọ òótọ́ ni, ọparun kan péré tí mo lè fi ti ọkọ̀ lọ ni ìbá gbà mí là.

Akàn ni mo lọ dẹ. Owó tí wọ́n ń pè lé e lọ́jà ti ga jù fún mi, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn ilé wa. Pàkúté mẹ́wàá ni mo ṣe: wáyà, àwọ̀n, okùn, òkúta nísàlẹ̀, ike omi tó ṣófo lókè láti máa léfòó. Orí títùs ni mo fi ṣe ìjẹ. Ẹ má lo ìfun adìẹ, kò le. Akàn á já a tán, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ni mo lọ dẹ wọ́n sílẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó, mo kọjá lábẹ́ afárá Third Mainland, mo ń ju pàkúté sómi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jìnnà sí àwọn igi tí àwọn apẹja gún sínú omi kí ẹja máa sá sí. Ẹni tó gún un ló ni ohun tó bá wà níbẹ̀.

Òjò ńlá rọ̀ lóru. Nígbà tí mo jáde ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ojú omi mọ́ kedere, inú mi sì dùn. Mo rí pàkúté mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Akàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Èmi tí n kò dẹ akàn rí láyé mi! Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ abo tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, mo dá wọn padà sómi lójú ẹsẹ̀, nítorí irú wọn ló ń lọ sí ìhà ẹnu òkun, níbi tí iyọ̀ ti pọ̀, láti pa ẹyin wọn. Ẹni tó bá ń kó wọn jẹ ń jẹ akàn ọdún tó ń bọ̀.

Aago mẹ́jọ ni mo yí orí ọkọ̀ padà sílé, mi ò sì rí omi mọ́. Koríko ló kún gbogbo àárín èmi àti èbúté, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn (water hyacinth), tó gba ìhà Bàdágìrì wọ omi wa ní 1984. Lásìkò òjò, odò Ògùn ló ń gbé e wá sínú ọ̀sà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi iyọ̀ bá wọlé láti òkun, á kú. Òjò òru ọjọ́ náà ló já a sílẹ̀ lókè, omi tó ń fà lọ sí ìhà Èkó gbé e wá, afẹ́fẹ́ láti ìlà oòrùn sì tì í mọ́ etí ilẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo lè là á kọjá. Mo sọ àjẹ̀ sí i, ewé ni àjẹ̀ bà, kò kan omi. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó rí bí irun, ó lọ́ mọ́ra wọn títí èèyàn ò fi mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mo na ọwọ́ láti fà á kúrò níwájú ọkọ̀, ọkọ̀ fì, díẹ̀ ló kù kí n dà sómi. Mo gbìyànjú láti yí sí ìhà Yunifásítì Èkó. Ibẹ̀ gan-an ni koríko náà ń lọ. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ó ti pa dé lẹ́yìn mi.

Aago mẹ́sàn-án kọjá. Aago mẹ́wàá kọjá. Oòrùn mú. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì kọjá lókèèrè, mo juwọ́ sí wọn títí apá fi ro mí. Mi ò bínú sí wọn, nítorí koríko yẹn á lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì wọn, àwọn náà á dúró síbẹ̀. Àwọn akàn mi ń kú nínú garawa, mò ń wò wọ́n.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù kí bàbá apẹja kan tó yọ. Ọkọ̀ onígi, ọ̀pá gígùn kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ti ọ̀pá mọ́lẹ̀ ẹrẹ̀, imú ọkọ̀ rẹ̀ ń gun orí koríko, ó ń bọ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú oko.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.”

“Gbé àjẹ̀ yẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Kò sí omi níbí tí o máa wà.”

Ó so mí mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ìṣẹ́jú ogójì ló gbà á. Owó tó sọ pọ̀, mi ò sì jiyàn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí. Ọ̀sà wa kò jìn. Níbi púpọ̀, ọ̀pá ń kan ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé etí omi ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi náà mọ̀ ọ́n. Ọparun wà lára kayak mi báyìí, mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́. Mi ò sì ní padà lọ títí oṣù kejì, nígbà tí iyọ̀ bá ti pa koríko.

Akàn mọ́kànlá kú, mo kó wọn dànù, nítorí akàn tó kú kí a tó sè é kò ṣeé jẹ. Mẹ́tàdínlógún la sè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Pàkúté méjì tó kù ṣì wà lábẹ́ omi, ní ìkọjá afárá. Mo kun ọ̀dà pupa sí ike wọn. Ìjẹ inú wọn á ti tán, ṣùgbọ́n akàn tó bá wọ ibẹ̀ kò ní lè jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń tukọ̀ níbẹ̀, bí ẹ bá rí wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí wọn sílẹ̀.