Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Gíláídà Àtijọ́ Wé Ti Òde Òní Láìṣe Ojúsàájú

Tẹ́ ẹ bá ń ka rẹ́kọ́ọ̀dù gíláídà, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú tó ń rìn láìlo ẹ́ńjìnì, iye kìlómítà ló máa kọ́kọ́ wọ̀ yín lójú. 749 lọ́dún 1939, 1,460 lọ́dún 1972, 3,009 lọ́dún 2003. Ojú ẹsẹ̀ lèèyàn á ti ní àwọn ti àtijọ́ ò tó nǹkan. Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀ o. Nọ́ńbà yẹn nìkan ò lè sọ fún yín bóyá ọkọ̀ ló dáa, àbí afẹ́fẹ́ ló ṣojúure, àbí ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀ ló mọ iṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra, ìṣirò tó wà níbẹ̀ ò sì le rárá.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ìrìn tó jẹ́. Ìrìn tààrà wà, èèyàn gbéra níbì kan ó balẹ̀ síbòmíì. Àlọ àtàbọ̀ wà, ti onígun mẹ́ta wà, èyí tí wọ́n á sì mú ibi mẹ́ta tí wọ́n ti máa ṣẹ́rí padà náà wà. 3,009 tí Klaus Ohlmann fò ní January 21, 2003 lórí òkè Andes ní Ajẹntínà, oríṣi ti ìkẹyìn yìí ni, ó ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́bàá òkè. Ti Hans-Werner Grosse lọ́dún 1972, tààrà ni, láti Lübeck ní Jámánì dé Biarritz ní Faransé. Ẹ ò lè gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Èyí tó bá ti 1972 dọ́gba ni ti Olga Klepikova, tààrà lòun náà fò. July 6, 1939 ló gbéra ní Moscow nínú Rot Front-7, ó sì fò ó di 749 kìlómítà. Kò sẹ́ni tó kọjá ẹ̀ títí di 1951, àtọkùnrin àtobìnrin, ìgbà tí Dick Johnson gbéra ní Texas tó fò 861. Láàárín àwọn obìnrin nìkan, ó di 1977. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń to àwọn àgbà inú eré yìí tí wọn ò dárúkọ obìnrin yìí, torí ọkọ̀ onípákó ló fi ṣe é, kò sì sí GPS tó máa sọ ibi tó wà fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo irú afẹ́fẹ́ tó gbé e. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè láti ilẹ̀ wà, òun làwọn àṣá máa ń lò tí wọ́n bá ń yí po lókè oko tí wọ́n ń sun, tí wọn ò gbọn apá rárá. Ti èyí, ó dìgbà tí oòrùn bá mú, tọ́wọ́ oòrùn bá sì ti rọ̀ ó parí nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè tó wá gba òkè lọ náà wà, ìgbì afẹ́fẹ́ tó máa ń wà lẹ́yìn òkè ńlá sì wà, àwọn méjèèjì yìí ò nílò oòrùn, tí ìjì bá ṣáà ti ń fẹ́ wọ́n á máa ṣiṣẹ́, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ látìgbà tílẹ̀ bá ti mọ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Orí irú ìgbì yìí ni Ohlmann wà. Ṣé ẹ wá rí i pé wákàtí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti pọ̀ ju ti ẹni tó ń dúró de oòrùn kó tó gbéra?

Ó kan ọkọ̀ fúnra ẹ̀ báyìí, ibí gan-an ni kẹ́ ẹ ti mú bírò. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa wá ni iye mítà tó lè lọ síwájú fún mítà kan tó bá já wálẹ̀. Ka 8, ọ̀kan lára gíláídà àtijọ́, tí wọ́n fi irin ṣe egungun ara ẹ̀, tí apá ẹ̀ jẹ́ pákó, tí wọ́n wá fi aṣọ bò, ó tó 27. Nimbus 4, irú èyí tí Ohlmann lò, apá ẹ̀ gùn ju mítà 26 lọ, ó tó 60. Ìyẹn ni pé láti òkè 1,000 mítà, ọ̀kan á rìn 27 kìlómítà kó tó kanlẹ̀, èkejì á rìn 60.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un. Ká ní Ka 8 ń sá kìlómítà 75 ní wákàtí, afẹ́fẹ́ tó ń sá kìlómítà 25 ní wákàtí wá ń bọ̀ látiwájú, eré ẹ̀ lórí ilẹ̀ di 50 nìyẹn. 27 lọ́nà 50, ẹ pín in sí 75, ó di 18. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ. Ẹ mú ọkọ̀ òde òní tó ní 60 tó ń sá 110, afẹ́fẹ́ kan náà, 60 lọ́nà 85 tẹ́ ẹ pín sí 110, ó ṣì ku bíi 46, ohun tó pàdánù ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí afẹ́fẹ́ bá wá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, Ka 8 á di 36, ọkọ̀ tuntun á di bíi 74, ẹ wò ó, tá a bá fi ìdá wò ó, ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ń ṣe lóore jù. Ìdí nìyẹn tó fi bọ́gbọ́n mu káwọn ará àtijọ́ máa fò tẹ̀lé afẹ́fẹ́ lọ tààrà, káwọn èèyàn wọn wá fi mọ́tò àti tírélà lọ gbé wọn níbi tí wọ́n bá balẹ̀ sí. Àwọn ti òde òní lè dojú kọ ìjì kí wọ́n sì padà sílé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tó dájú, ẹ wá ibi tí èèyàn kan náà ti fò lórí òkè kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ méjì. Karl Striedieck ní Pennsylvania, lórí òkè Appalachian, lọ́dún 1968 ó fi Ka 8 ṣe àlọ àtàbọ̀ 767 kìlómítà, lọ́dún 1977 ó fi ASW 17 tí wọ́n fi fáíbà, ìyẹn fọ́nrán gíláàsì, ṣe fò 1,634. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ìrírí ẹ̀ náà ti pọ̀ sí i nígbà yẹn o, ẹ rántí ìyẹn, àmọ́ ohun tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé tí Ka 8 bá ti fẹ́ sáré gan-an, gíga ẹ̀ á máa tán kíákíá, ẹ̀gbẹ́ òkè tí ìjì ń fẹ́ sì rèé, ẹni tó bá lè sáré ló ni ín. Apá fáíbà ń dán, kò rí gbágungbàgun, afẹ́fẹ́ ń yọ̀ lórí ẹ̀. Látorí Phönix tí wọ́n kọ́kọ́ fò lọ́dún 1957 ni ti fáíbà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn míì tún máa ń bu omi sínú apá kó lè wúwo, omi yẹn ò sọ ọkọ̀ tó ń rìn mítà 40 fún mítà kan tó bá já wálẹ̀ di 50 o, ohun tó ń ṣe ni pé ọkọ̀ á lè fi eré tó pọ̀ sí i rìn 40 yẹn, tí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè bá ti ń rọ̀ wọ́n á dà á nù.

Fún ọkọ̀ méjì tó fò lọ́jọ́ kan náà, iṣẹ́ ti rọrùn, ẹgbẹ́ eléré ti ní nọ́ńbà fún oríṣi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń fi bí ọkọ̀ náà ṣe dáa tó hàn. Ẹ pín kìlómítà sí nọ́ńbà yẹn, ẹ fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní ti ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ 80, ó fò 400, ó gba máàkì 500. Ti tuntun jẹ́ 120, ó fò 600, ó gba 500 náà. Wọ́n dọ́gba.

Tó bá jẹ́ ìrìn òde òní lẹ ń wò, ẹ ṣí fáìlì GPS ẹ̀, kẹ́ ẹ wo iye àkókò tó fi ń yí po àti èyí tó fi ń lọ tààrà. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ ló fi yí po, tó sì rìn jìnnà, ẹ wo àwòrán ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkè tàbí ìgbì ló gbé e, ẹ má sì tíì fún ọkọ̀ ní gbogbo ìyìn yẹn.