Bí Òṣìṣẹ́ Báńkì Tuntun ní Ìkòròdú Ṣe Lè Sún Mọ́ Àwọn Ọ̀gá

Kì í ṣe ìgbéraga ló máa ń mú kí ọ̀gá báńkì gbàgbé ọmọdé tó wá bá a. Ọ̀pọ̀ ló ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń padà wá jábọ̀ ohun tí wọ́n fi ìmọ̀ràn náà ṣe. Àwọn tó ń jábọ̀ yìí ló máa ń rántí lọ́jọ́ tí àyè bá ṣí sílẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ ẹni tí o fẹ́ sún mọ́. Àwọn mìíràn á máa fi ìkíni ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà ní Victoria Island lórí LinkedIn, nígbà tí head of operations, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ nínú ẹ̀ka tiwọn ní Sábó, kò mọ̀ ju orúkọ wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń rí iṣẹ́ rẹ lójoojúmọ́, òun sì ni wọ́n sábà máa ń pè bí ẹ̀ka mìíràn bá fẹ́ gbà ọ́. Bí o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní káńtà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún wúwo sí i, torí ẹnu àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ kí wọ́n tó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ báńkì gan-an.

Ẹni mẹ́rin tó fún ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀gá kan nínú ẹ̀ka rẹ, ẹnì kan tó fi ọdún 3 sí 5 ṣáájú rẹ, ẹnì kan níbi iṣẹ́ tí o ń fojú sí, bí i ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ owó yíyá wò, àti ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni ìkẹrin yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò, ó sì dùn wá. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní àkókò, kò ní ohun tó ń bá ọ dù, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ sì lè wà nípò gíga lónìí. Ìpàdé onílé àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni o ti lè rí wọn. Bá wọn to àga lẹ́yìn ìpàdé, kí wọn dáadáa, sọ ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́, kí o sì fi mọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àkókò ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Má ṣe kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ní ìparí oṣù, nígbà tí owó oṣù ń wọlé, tàbí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀kùn bá tì kò dára rárá: ìgbà náà ni wọ́n ń ka owó, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá ìwé mu kò ní etí fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, láàárín oṣù, ló dára jù. Bí ẹ bá jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò láàárọ̀, kí ọ̀gá náà, kí o sì jẹ́ kó sinmi. Ìrìn àjò ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń wọ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ lórí WhatsApp kò gbọdọ̀ jẹ́ “Ẹ káàárọ̀ mà” nìkan, kí o wá máa dúró dè é. Ó ń fi ẹni tó gbà á sínú ìfura pé owó lo fẹ́ tọrọ. Kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Orúkọ mi ni báyìí báyìí, káńtà ni mo wà ní ẹ̀ka Sábó, Ìkòròdú. Ọ̀gá wa níbí ló fún mi ní nọ́ńbà yín, wọ́n sì ní kí n kí yín. Mo ń kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé ìṣirò oníṣòwò tó fẹ́ yáwó, mi ò sì tíì mọ ohun tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Bí àyè bá yọ, mo bẹ̀ yín fún ogún ìṣẹ́jú lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé, tàbí ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ṣeun mà.”

Wò ó: ẹni tí o jẹ́, ẹni tó júwe rẹ, ìbéèrè kan ṣoṣo, àti iye àkókò tí o fẹ́. Má béèrè iṣẹ́ nínú rẹ̀. Má sì fi àdúrà tí wọ́n ń pín kiri ránṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Má rò pé ìwọ kò ní ohun tí o lè fún wọn. Ọ̀gá tó wà ní orílé-iṣẹ́ kì í rí ohun tí ìwọ ń rí: ọjọ́ wo ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Odógunyàn máa ń ya wá, kí ló dé tí ìyá ẹlẹ́ja fi ń lọ sọ́dọ̀ oní-POS dípò kó wọ inú báńkì, irú ìṣòwò wo ló ń gbilẹ̀ ní Ìmọ́tà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ní 2023. Ẹni tó ń wá oníbàárà máa tẹ́tí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má dárúkọ oníbàárà kankan, má ya àwòrán akàǹtì, má fi BVN ẹnikẹ́ni ránṣẹ́, kódà bí ọ̀gá bá ní kó o ṣe é lórí WhatsApp. Òfin ààbò ìwífún ti 2023 kò yọ báńkì sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ sì lè lọ lórí àwòrán kan ṣoṣo.

Forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú CIBN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ báńkì tó wà ní Adeola Hopewell, Victoria Island, kí o sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ACIB, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ náà. Yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí, ó ń fún ọ ní ìdí gidi láti bá àgbà sọ̀rọ̀: “Mo ń ka iṣẹ́ báyìí báyìí fún ìdánwò, ibí yìí kò yé mi.” Bí wọ́n bá pe ìpàdé, tètè dé, jókòó sí iwájú, kí o sì kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀ kí o tó béèrè rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ̀rọ̀, má mú ju ìbéèrè mẹ́ta lọ. Kọ èsì sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dá a dúró. Òun ló máa sọ bóyá ẹ lè máa bá a lọ. Dúpẹ́ kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4, jábọ̀: “Ẹ ní kí n kọ́kọ́ wo bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde, dípò èrè orí ìwé. Mo ti gbé ìwé ìṣirò méjì yẹ̀ wò báyẹn, mo sì rí i pé ọ̀kan ń jèrè ṣùgbọ́n kò rí owó san gbèsè.” Ọ̀gá tó bá ka irú èyí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò ṣòfò. Bó bá tún rán ọ níṣẹ́ kékeré, bó tilẹ̀ fi ohùn líle rán ọ, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Àwọn ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n burú. Ọ̀kan ni kí o máa sọ̀rọ̀ mánijà rẹ láìdáa fún ọ̀gá ìta. Á rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni wàá sọ tòun. Òmíràn ni ẹ̀bùn olówó ńlá, tí ó lè fi ìwọ àti ọ̀gá náà sábẹ́ ìwádìí. Jẹ́ kí ọ̀gá tààrà rẹ mọ̀ kí o tó lọ bá ẹni tó jù ú lọ, kó má bàa dà bíi pé o gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń pè ọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí kí ẹ rí ara yín ní òru, ọkùnrin ni ọ́ tàbí obìnrin, sọ pé ọ́fíìsì tàbí ibi tí èrò wà lo lè wá. Bó bá kọ̀, fi í sílẹ̀.

Bí wọn kò bá fèsì, kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, kí ó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, má pè, má bínú, fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ nínú mẹ́rin rẹ.