Bírékì ló ṣẹ̀, béárìn ló jìyà: ohun tẹ́ẹ máa ṣe tí ẹsẹ̀ kámpà fáànù yín bá gbóná

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní UK tẹ́ẹ ti ra kámpà fáànù láti fi máa gbé àwọn ọmọ jáde ní hólídéè, ẹ súnmọ́bí. Lọ́dún tó kọjá a lọ sí Lake District, a gun Kirkstone Pass, mítà 454 lókè, a wá gba ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní The Struggle sọ̀kalẹ̀ sí Ambleside. Ìjàkadì! Ó yẹ kí orúkọ yẹn ti lé mi padà. Fiat Ducato ni fáànù tiwa, bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì, omi, gáàsì, ìyá ìyàwó mi, gbogbo ẹ̀ wà nínú ọkọ̀, èmi náà gbé ẹsẹ̀ lé bírékì látòkè délẹ̀. Ká tó débi tó tẹ́jú Màmá ní ṣé ẹnì kan ń sun pọ̀nmọ́ ni. Ẹsẹ̀ òsì iwájú ló ń yọ èéfín.

Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tó tẹ́jú dúró sí. Ẹ má da omi sí i o, dísìkì (irin pẹlẹbẹ tí bírékì ń fún mú) tó gbóná lè sán tàbí kó wọ́. Ẹ fi jíà há a, ẹ fi nǹkan di táyà, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló gbóná ẹ má fa hánbírékì, kẹ́ẹ jẹ́ kó tutù fún nǹkan bí ogójì mínìtì. Tẹ́ẹ bá tẹ pẹ́dà tó ń rì bíi fọ́ọ̀mù, ọ́ìlì bírékì ti hó nìyẹn, DOT 4 (irú ọ́ìlì bírékì kan) tuntun gbọ́dọ̀ lè gba ooru tó 230°C kó tó hó ṣùgbọ́n tó bá ti mu omi látinú afẹ́fẹ́ ó lè bọ́ sí nǹkan bí 155°C, ìdí nìyẹn tá a fi ń pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì-méjì. Ẹ má wà á lọ, ẹ pe àwọn tó ń fa ọkọ̀.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ṣé ẹsẹ̀ kan ló gbóná àbí méjèèjì. Tí òsì àti ọ̀tún bá gbóná bákan náà, ẹ̀yin lẹ tẹ bírékì jù tàbí ẹrù ló pọ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, bírékì yẹn ń há. Ẹ gbé e sókè pẹ̀lú jáàkì, ẹ fi sítáńdì sí i (ẹ má sá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró), ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà, kẹ́ẹ fọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà. Tí ò bá yí, ẹ tú nípù tí wọ́n fi ń bílíìdì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tú ọ́ìlì bírékì jáde, díẹ̀: tó bá tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé ọ́ìlì ló há sínú, ó lè jẹ́ rọ́bà ọ́ìlì ló ti dí nínú, tó bá ṣì há, písítìn kálípà (kálípà ni irin tó ń ti páàdì bírékì mọ́ dísìkì) tàbí àwọn píìnì tó ń gbé e rìn ló ti dógùn-ún. Tèmi, píìnì ni, nítorí fáànù náà dúró síta láti October títí di April láìrìn.

Ibí gan-an ni wọ́n ti ṣe mí léṣe. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń kùn hùùùù, tó ń pariwo sí i tí mo bá tẹ̀ sí ọ̀tún, ó ní béárìn, irin róbótó tí ẹsẹ̀ fi ń yí, ni, òótọ́ sì ni, mo sanwó, ó pààrọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún ń kùn. Kò wo kálípà rárá! Ooru bírékì ló ń yọ́ gíríìsì inú béárìn, síìlì á gan, gíríìsì á jò dànù, irin á wá máa ha irin. Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ti lọ, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kẹ́ẹ mì í, tó bá ń jó, ó ti ń lọ. Ẹ tún gbé ọwọ́ kan lé sípíríǹgì bẹ́ẹ ṣe ń yí ẹsẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ lọ́wọ́ bíi yanrìn.

Bírékì lẹ kọ́kọ́ máa tún ṣe o. Ẹ fọ píìnì mọ́, ẹ fi gíríìsì bírékì sí i, kì í ṣe gíríìsì lásán tó máa ń wú rọ́bà. Písítìn tó ti dógùn-ún, ẹ ra kálípà míì jàre. Páàdì, ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ máa pààrọ̀. Béárìn tuntun, etí ìta ẹ̀ ni kẹ́ẹ fi tẹ̀ ẹ́ wọlé, tẹ́ẹ bá gbá a láàárín ẹ ti bà á jẹ́ kó tó rìn, ojú tó ní mágínẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ kọjú sí sẹ́ńsọ̀ ABS (ohun tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ há pa tẹ́ẹ bá tẹ bírékì gan-an). Nọ́ọ̀tì tó wà láàárín ẹsẹ̀, tuntun ni kẹ́ẹ lò, kẹ́ẹ sì fún un dé ibi tí ìwé ọkọ̀ yín sọ.

Ẹrù náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn fáànù yìí ò gbọ́dọ̀ ju 3,500 kg lọ, lítà omi kan kílò kan ni, tẹ́ẹ bá gbé 100 lítà gun òkè, ẹ gbé èèyàn kan tó sanra kún un nìyẹn. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Tẹ́ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti wọ jíà kejì kẹ́ẹ tó kúrò lókè, ẹ tẹ bírékì dáadáa kẹ́ẹ sì tú u sílẹ̀, kẹ́ẹ má kàn gbé ẹsẹ̀ lé e.

Tẹ́ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ wà á fún máìlì mẹ́wàá, kẹ́ẹ fi tẹmómítà onílésà wo dísìkì òsì àti ọ̀tún, kí ooru wọn má jìnnà síra wọn. Tèmi ń bẹ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí bí ìbọn, Màmá ló máa ń yìn ín.